Adégòkè Adélabú: Iṣẹ́ Aṣòfin láti Agbo Ilé dé Ilé Ìgbìmọ̀

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá lónìí ni iṣẹ́ aṣòfin: kí ni à ń rán ènìyàn lọ ṣe gan-an nígbà tí a bá dìbò fún un pé kó lọ jókòó fún wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin? Àwọn olùkọ́ a máa fi ìwé òfin ìlú ṣàlàyé rẹ̀, wọn kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a wo ẹnì kan tó ṣe iṣẹ́ náà lójú àwọn baba wa, ní àárín ìlú Ìbàdàn yìí, tí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá sì jọ gbà pé ó ṣe é. Adégòkè Adélabú ni ọkùnrin náà. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n sí Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, láti ara gẹ̀ẹ́sì kan tó sọ nínú ilé ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ọjà sì gbé lọ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti bo iṣẹ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, iṣẹ́ náà ni mo sì fẹ́ kí a tú wò.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915 ni wọ́n bí Adégòkè Àkàndé ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé. Ahunṣọ ni baba rẹ̀, ilé Mùsùlùmí ni ilé wọn, síbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. ní Kúdẹtì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ mọ ìwé, kó tó di pé ó wọ Government College, Ìbàdàn, ní ọdún 1931, tó sì parí níbẹ̀ ní 1935. Ilé iṣẹ́ U.A.C. ni ó fún un ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ tó fi lọ sí Yaba Higher College ní 1936, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́ òwò. Ó ṣiṣẹ́ ní U.A.C., ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó, ó tún padà sí U.A.C., ó sì ṣe òwò ti ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òye ìṣèlú rẹ̀ ti wá, kó má wo ìwé nìkan. Kó wo ọ̀nà oko kòkó tó rìn ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tó ń wo bí a ṣe ń wọn kòkó lórí ìwọ̀n, tó ń gbọ́ ohun tí àgbẹ̀ ń sọ nígbà tí oníbàárà bá ti kọjá lọ.

Ohùn àgbẹ̀ yìí kò pẹ́ kó tó di ariwo. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àrùn kan tí ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú kí igi náà sì kú wọ oko káàkiri agbègbè Ìbàdàn, ìjọba àwọn òyìnbó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gé àwọn igi tó ní àrùn lulẹ̀. Lójú àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn, òògùn nìyẹn. Lójú àgbẹ̀ tó fi ogún ọdún tọ́ igi náà, tí owó ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti owó ilé rẹ̀ so mọ́ ọn, ikú ni. Àwọn àgbẹ̀ kóra jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Máyégún, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Ní àsìkò kan náà, àwọn ìjòyè àti mọ́gàjí ń bínú sí Sàlámì Agbájé, ọlọ́rọ̀ pàtàkì tó jẹ́ Ọ̀tún Balógun, wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nípò, Adélabú sì ni ó di gègé wọn tó ń kọ ẹ̀sùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí ìjọba gbọ́, títí ìgbìmọ̀ ìwádìí Butcher fi jókòó lé ọ̀ràn náà lórí ní 1951. Èmi kò ní sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí Agbájé ni ó tọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, ìlara sì wà nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni Adélabú ti kọ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́: pé agbo ilé ni ilé ìdìbò Ìbàdàn, pé mọ́gàjí ni ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń wọ ẹ̀hìnkùlé agbo ilé kò mọ ìlú náà.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń gbọ́ wa. Mọ́gàjí ni olórí ìdílé kan pàtàkì ní Ìbàdàn, orí oyè mọ́gàjí sì ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí gun àkàsọ̀ oyè, ìyẹn àkàsọ̀ méjì, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, títí yóò fi kan Olúbàdàn fúnra rẹ̀. Bí a bá dúró lórí òkè Màpó tí a wo ìsàlẹ̀, níbi tí Ọjàába wà ní ẹsẹ̀ òkè náà ní ìhà kan tí Bẹẹrẹ sì wà ní ìhà kejì, agbo ilé àwọn jagunjagun àtijọ́ ni gbogbo òrùlé páànù wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mọ́gàjí tirẹ̀. Nígbà tí Adélabú dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Mábọlájẹ́ ni wọ́n pè é, orúkọ náà sì ti tó fún ìkéde: ọlá àwọn baba kò gbọdọ̀ bàjẹ́ ní ọwọ́ ìjọba tuntun. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń san owó orí àti àwọn àgbẹ̀ Máyégún ni ó so pọ̀ mọ́ ọn, ó sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ N.C.N.C., ẹgbẹ́ alákùkọ.

Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré ju ọ̀rọ̀ lọ. Kí Mábọlájẹ́ tó wà, ìdìbò 1951 ti wáyé. Òfin ìṣèjọba tuntun tí Gómìnà Macpherson mú wá ni ó fún ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí ó ní 80 ọmọ ilé tí a dìbò yàn, wọn kì í sì í dìbò tààrà nígbà náà. Àwọn ará ìlú a yan àwọn aṣojú kan, àwọn wọ̀nyí a tún yan àwọn mìíràn, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi ku àwọn tí yóò yan aṣòfin. Ìbàdàn ní ìjókòó 6. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú, Ibadan People's Party, ni ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Adélabú jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Adisa Akinloye sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń wá wọn: Action Group tí Awólọ́wọ̀ ń darí, èyí tí a mọ̀ sí ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ, àti N.C.N.C. tí Azikiwe ń darí. Nígbà tí ilé fi máa ṣí ní Ìbàdàn níbí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1952, àwọn márùn-ún ti bá Akinloye lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pẹ. Akinloye gba ipò mínísítà nínú ìjọba tuntun náà. Adélabú nìkan ni ó dúró.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Ọkùnrin ọmọ ọdún 36, tí kò ní oyè, tí kò ní owó tó pọ̀, rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún ti rékọjá sí ibi tí agbára wà. Kò sí òfin kankan tó dí i lọ́wọ́ láti bá wọn lọ, kò sì sí ẹni tí ì bá bú u ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó lọ náà ní ìdí tiwọn: wọ́n ní Ìbàdàn yóò jàǹfààní bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá wà nínú ìjọba, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kò rán wọn sí ọlọ́pẹ. Lójú tèmi, ìjókòó tí Adélabú jókòó yẹn, ní ọdún yẹn, ni iṣẹ́ tó tóbi jù nínú gbogbo ayé ìṣèlú rẹ̀, ó tóbi ju ipò mínísítà tó gbà lẹ́yìn náà lọ, ó tóbi ju àwọn ìpàdé rẹ̀ níbi tí ìlù ti ń dún. Àwọn ará ìlú sì rí i. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìjọba tuntun fi ń wọ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní Òkè Olúòkun.

Kí ni ó wá ń sọ nínú ilé ìgbìmọ̀? Èkíní ni ọ̀rọ̀ owó orí. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ń gbèrò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Iṣẹ́ ńlá ni, ilé tí kò ní ọmọ tí ètò náà kàn ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí. Àmọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba bu owó ẹ̀kọ́ àti owó ìlera lé orí owó orí àwọn ará ìlú, bákan náà fún ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Adélabú kígbe pé ẹrù náà wúwo jù fún ahunṣọ àti àgbẹ̀ aláìlówó, pé ìjọba kò gbọdọ̀ bu owó lé ènìyàn lórí láìkọ́kọ́ bi í. Àwọn kan sọ pé ọ̀tá ẹ̀kọ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìwé gbé láti ilé ahunṣọ dé Yaba kò lè jẹ́ ọ̀tá ìwé. Awólọ́wọ̀ tọ́ nípa ilé-ìwé. Ẹni tó béèrè pé ta ni yóò ru owó rẹ̀ náà tọ́, iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ sì ni pé kí àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn ní gbangba kí ìlú lè gbọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọlá àwọn ìjòyè, tí mo ti fẹnu bà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn àti ipò Ìbàdàn láàárín Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà àtijọ́, Ọ̀ṣun wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀, ó sì dun àwọn ọmọ Ìbàdàn wọ egungun. Àwọn àjèjì tó wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, pàápàá àwọn ará Ìjẹ̀bú, ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, Adélabú sì fi ohùn rẹ̀ gbe àwọn onílẹ̀ lẹ́yìn. Níhìn-ín ni mo ní láti sọ òtítọ́: ohùn yẹn a máa korò nígbà mìíràn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí Ìbàdàn tí à ń sọ yìí, àjọgbé ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó jọ para pọ̀ dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ìparun Òwu. A kì í fi ojú àjèjì wo ẹni tí baba rẹ̀ bá wa jà ní ogun kan náà.

Ohun tó wá yani lẹ́nu nípa ọkùnrin náà ni pé ẹni kan náà tó ń gbèjà agbo ilé ni ó kọ ìwé *Africa in Ebullition* ní 1952, ìwé tó fi ń pe gbogbo Nàìjíríà, Hausa, Igbo, Yorùbá, pé kí wọ́n já ara wọn gbà lọ́wọ́ òyìnbó pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìbáwí, kí ìjọba sì ṣe ètò ọrọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan nínú ìwé, ọmọ Òkè Olúòkun nínú ẹ̀wù. Ó lè sọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì gígùn tí àwọn òyìnbó yóò fi máa wo ara wọn lójú, kó sì padà sí agbo ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti wí fún àwọn tí kò mọ A, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó sọ ọ́, àti ohun tí òun fi dá a lóhùn, ní Yorùbá tí ìyá alágbo gbọ́ yékéyéké. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìjábọ̀ yẹn ni ìdajì iṣẹ́ aṣòfin, ìdajì tó sì kọ́kọ́ ń kú ni.

Ní ọdún 1954, ìdìbò ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wáyé. Mábọlájẹ́ àti N.C.N.C. gba Màpó, Adélabú sì di alága Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè yẹn. Ní ìparí ọdún kan náà, wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀, N.C.N.C. borí ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò yẹn, òun náà wọlé, ó sì di mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1955. Ẹnì kan náà ni alága ní Màpó àti mínísítà ní Èkó. Ẹni tó bá lé eku méjì a máa pa òfo, ìwé ìgbìmọ̀ náà sì ni ó kọ́kọ́ fi hàn. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí jáde nípa bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní iṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú. Ìjọba ẹkùn pe òyìnbó kan tó ń jẹ́ Nicholson láti ṣe ìwádìí ní 1955. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, ó dá ìgbìmọ̀ náà lẹ́bi, ó sì dá alága rẹ̀ lẹ́bi. Adélabú fi ipò méjèèjì sílẹ̀.

Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ọ̀tá òṣèlú ni ó gbé ìwádìí náà dìde. Òótọ́ ni pé ọlọ́pẹ ni ó pè é, òótọ́ sì ni pé ó dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá tan iná sínú ilé ẹni, iná náà kọ́ ni ó dá ìdọ̀tí sílẹ̀. Owó Màpó kì í ṣe owó ẹgbẹ́. Owó orí àwọn aláìní tí òun fúnra rẹ̀ ń gbèjà ni. Ẹni tó ń ké pé kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ aláìní ju bó ṣe yẹ lọ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣọ́ owó tí aláìní ti san. Níbí ni ìdájọ́ mi le lé e lórí jù.

Ìlú kò bínú sí i. Nínú ìdìbò oṣù Karùn-ún 1956, Ìbàdàn tún gbé e wọlé pẹ̀lú púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí N.C.N.C. bá borí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, òun ni ì bá di Prímíà. Ṣùgbọ́n Action Group gba ìjókòó 48, N.C.N.C. gba 32. Adélabú padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó di olórí ẹgbẹ́ alátakò. Ipò yìí kò ní ọlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí. Wọ́n rò pé ẹni tó jáwé olúborí ni ó ní ilé ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ olórí alátakò ni láti ka ètò ìnáwó ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti béèrè pé èwo ni owó yìí, ta ni wọ́n fún, kí ló dé tí afárá yìí fi wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún, kí ìjọba sì mọ̀ pé bí òun bá ṣìṣe, ẹnì kan wà tí yóò sọ ọ́ síta kó tó di ọ̀la. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn gba òmìnira ìṣèjọba ara rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1957, Adélabú ni ó jókòó ní iwájú Awólọ́wọ̀, ìlú méjèèjì, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìbàdàn, sì ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Ohun tó ń béèrè jù ní àsìkò náà ni pé kí wọ́n gé ìpínlẹ̀ kan jáde fún àwọn Yorùbá àárín, fún Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Àwọn aláṣẹ kò gbà. Ó di ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 kí a tó rí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba ológun, nígbà tí ẹni tó ń ké fún un ti wà ní ilẹ̀ láti bí ọdún méjìdínlógún.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958 ni. Ó ń bọ̀ láti Èkó nínú mọ́tò, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníṣòwò kan, wọ́n sì ní ìjàǹbá ní ọ̀nà lápá ibi tí Ṣàgámù wà. Àjànàkú ṣubú. Ọmọ ọdún 42 ni. Nígbà tí ìròyìn dé Ìbàdàn, ìlú kò gbà pé ìjàǹbá lásán ni. Ìbínú sì tú jáde ní àárín ìlú àti ní àwọn abúlé, wọ́n dojú kọ àwọn ọmọ ọlọ́pẹ àti àwọn tó ń gba owó orí, ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò, ilé jó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ni ó ṣàn nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ràn Adélabú ni ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Mábọlájẹ́ pín sí méjì, ọ̀kan bá Adéoyè Àdìsá lọ, èkejì bá Mojeed Agbájé lọ, ọmọ Sàlámì Agbájé tí àwọn ìjòyè àti Adélabú ti bá jà ní 1949.

Ẹ̀yin àgbà tí ó kù lára àwọn tó gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà èwe yín, ní Òkè Olúòkun, ní Ọjàába, ní Bẹyẹrúnkà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó parẹ́ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ pe àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà ládùúgbò, ẹ sọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́, rere àti búburú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn aṣòfin 32 ni ó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi báyìí, ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣojú yín. Bí ó bá tún wá sí agbo ilé yín, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní omi, kí ẹ sì ní kó jábọ̀ ohun tó sọ nínú ilé láti ìgbà tí ẹ ti rán an lọ.